Ìkọlù Buffer Overflow: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Fún Ẹni Tó Ń Kọ Kóòdù, Ẹni Tó Ń Tọ́jú Sáfà àti Ẹni Tó Ń Lo Fóònù

A kọ àwọn ìdáhùn yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kóòdù, fún àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àti fún ẹni tí kò ní ju fóònù ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ọdún 35 tí ayé ti mọ ọ̀nà tí àwọn ọ̀daràn ń gbà wọlé yìí. A mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, a sì mọ bí a ṣe ń dí i. Ohun tó ń dùn wá ni pé nínú ọ̀pọ̀ ìkọlù ńlá tí a máa sọ̀rọ̀ wọn níbí, àtúnṣe ti wà nílẹ̀ kí wàhálà tó dé, àwọn èèyàn ni kò fi sí i.

Kí ni buffer overflow gan-an?

Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí kì í ní ibi tó ń kó ọ̀rọ̀ sí fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ tó tẹ orúkọ yín, ètò náà á ti ya ààyè kan sọ́tọ̀ nínú mẹ́mórì tí orúkọ náà máa bọ́ sí. Ààyè yẹn là ń pè ní buffer. Ó ní ìwọ̀n: ó lè jẹ́ báìtì 10, ó lè jẹ́ 512, bí ẹni tó kọ ètò náà bá ṣe ní kó rí. Bí ohun tó wọlé bá ju ìwọ̀n yẹn lọ, tí ètò náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó lé kò ní sọnù. Ńṣe ló máa kọ ara rẹ̀ lé ohun tó wà ní ààyè tó tẹ̀ lé e. Àkúnwọ́sílẹ̀ yìí ni overflow.

Ẹ rántí ìwé tí a fi ń san owó sí báńkì, tí àpótí orúkọ àti àpótí iye owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí orúkọ ẹnì kan bá gùn títí tó fi wọ inú àpótí owó, ohun tí ẹni tó ń ka ìwé náà máa rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí onítọ̀hún fẹ́ sọ. Òṣìṣẹ́ báńkì lè béèrè pé kí lèyí. Kọ̀ǹpútà kì í béèrè. Ohun tó bá bá nínú àpótí owó, owó ló máa kà á sí.

Àkúnwọ́sílẹ̀ lásán, báwo ló ṣe di ìkọlù?

Nígbà tí apá kan nínú ètò bá pe apá mìíràn láti ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà máa ń kọ àdírẹ́sì ibi tó máa padà sí sílẹ̀. Apá mẹ́mórì tó ń kọ ọ́ sí ni stack, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ buffer kéékèèké máa ń wà. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ìwọ̀n buffer dáadáa lè fi ọ̀rọ̀ tó gùn jù ú lọ ránṣẹ́, kí ó sì ṣètò rẹ̀ kí ìrù ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí àdírẹ́sì yẹn gẹ́lẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ padà, ibi tí ọ̀daràn náà kọ síbẹ̀ ló máa lọ. Bó bá débẹ̀, ohun tó bá bá ni yóò máa ṣe, pẹ̀lú gbogbo agbára tí ètò náà ní. Bí ètò náà bá ní agbára ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀daràn náà ti di ọ̀gá nìyẹn.

Kì í ṣe stack nìkan. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú heap pẹ̀lú, ìyẹn apá tí ètò ti ń tọrọ ààyè bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìbátan rẹ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé kíkà ni ètò ń kà kọjá ààlà, kì í kọ nǹkan. Bí Heartbleed ti rí nìyẹn ní ọdún 2014: ẹnikẹ́ni lè ní kí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn) tó ń lo OpenSSL, ohun èlò tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dá ọ̀rọ̀ padà, sáfà náà á sì fi ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú mẹ́mórì kún un, tó kìlóbáìtì 64 lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn èèyàn wà nínú ohun tó ń jáde bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, àbí ọ̀rọ̀ inú ìwé ni?

Ó ti ṣẹlẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tú kòkòrò kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ láti orí ẹ̀rọ kan ní MIT. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tó ń gbà wọlé ni ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fingerd. Báìtì 512 ni fingerd yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè tó bá wọlé. Báìtì 536 ni kòkòrò náà fi ránṣẹ́. Báìtì 24 péré ló lé, òun ló sì ṣílẹ̀kùn. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bíi 6,000 kọ̀ǹpútà ló kó o, nígbà tí gbogbo èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bíi 60,000 lọ. Ilé ẹjọ́ dá Morris lẹ́bi ní 1990. Wọn kò rán an lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n fi sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 3, ó ṣe iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 400, ó sì san owó ìtanràn dọ́là 10,050. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí wọ́n dá CERT, ikọ̀ tó ń dáhùn sí ìṣòro ààbò kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, kí ibi kan lè wà tí àwọn èèyàn máa ké sí nígbà ìṣòro.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2003 ni kòkòrò kọ̀ǹpútà Slammer dé. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju báìtì 376 lọ. Ó kúrú ju ìpínrọ̀ tí ẹ ń kà yìí lọ. Buffer kan nínú SQL Server, ètò Microsoft tó ń tọ́jú àkójọ dátà, ló gbà wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú 10, ó ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tó lè mú, ó kéré tán 75,000, ẹ̀rọ ATM Bank of America púpọ̀ sì dákẹ́. Oṣù Keje ọdún 2002 ni Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn náà ni kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Àkúnwọ́sílẹ̀ nínú ọ̀nà tí Windows fi ń pín fáìlì, ìyẹn SMB, ni àwọn tó ṣe é lò. Wọ́n ti ìwé àwọn èèyàn pa, wọ́n sì ní kí wọ́n wá sanwó. Ó dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 81 nínú 236 àjọ tó ń darí ilé ìwòsàn NHS (ètò ìlera ìjọba níbẹ̀) ló kàn, wọ́n sì fagi lé ìpàdé ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn pẹ̀lú dókítà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wa tó wà ní NHS mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ti jáde láti oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún ayé ṣáájú Slammer, oṣù méjì ṣáájú WannaCry. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì tó ní kí àtúnṣe dúró di ìgbà mìíràn.

Èmi ò kọ kóòdù, fóònù nìkan ni mo ní. Kí ló kàn mí?

Ó kàn yín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, WhatsApp kéde pé àkúnwọ́sílẹ̀ wà nínú apá tó ń gba ìpè. Ọ̀daràn á kàn pe fóònù yín ni. Ẹ kò nílò láti gbé e. Bó bá ti ń dún, ìpalára ti lè ṣẹlẹ̀. Nǹkan bíi 1,400 èèyàn ni wọ́n lò ó fún, nínú wọn ni àwọn oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn wà, WhatsApp sì pe NSO Group, ilé iṣẹ́ Ísírẹ́lì tó ń ta ètò amí, lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, irú rẹ̀ tún jáde nínú libwebp, ohun èlò tí Chrome, Firefox àti ọ̀pọ̀ áàpù fi ń ṣí àwòrán. Àwòrán tí ẹ kàn wò lásán lè ṣe yín níbi.

Ohun tí ẹ lè ṣe kò le. Ẹ jẹ́ kí áàpù àti fóònù yín máa gba àtúnṣe fúnra wọn. A mọ̀ pé dátà wọ́n, a sì mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe ń pa á. Ẹ lè ní kó máa ṣe é nígbà tí Wi-Fi bá wà nìkan. Ẹ wo ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò kẹ́yìn dé sórí Android yín nínú Settings. Bó bá ti pẹ́ ju ọdún kan lọ, ẹ má fi fóònù yẹn ṣe iṣẹ́ báńkì mọ́. Ẹ yọ GBWhatsApp àti àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Ilé iṣẹ́ WhatsApp kọ́ ló ṣe wọ́n, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àtúnṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ tó bá jáde.

Èdè kóòdù wo ni ìṣòro yìí wà nínú rẹ̀?

C àti C++ ni pàtàkì. Èdè C gbà pé ẹni tó ń kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe, kì í yẹ ààlà wò fún un. Ìyẹn ló jẹ́ kó yá, òun náà ló sì jẹ́ kó léwu. Python, Java àti JavaScript máa ń yẹ ààlà wò fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹ má sùn lé e: C ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ wọn. Microsoft sọ ní ọdún 2019 pé nínú àwọn àléébù ààbò tí àwọn ń tún ṣe lọ́dọọdún, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ mọ́ mẹ́mórì.

C ni mò ń kọ níbi iṣẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ láti òde ti ń wọlé: ohun tí èèyàn tẹ̀, fáìlì, ohun tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá. Ìwọ̀n tí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ òun ní, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ẹ má lo gets láé. Kò sí bí ẹ ṣe lè sọ ìwọ̀n buffer fún un, òun sì ni fingerd lò lọ́jọ́sí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú òfin èdè C ní 2011. Ẹ lo fgets dípò rẹ̀. Bí ẹ bá rí strcpy, strcat tàbí sprintf nínú kóòdù àtijọ́, ẹ fi snprintf rọ́pò wọn, kí ẹ sì yẹ nọ́mbà tó dá padà wò, torí òun ló máa sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ bá gé. Ọ̀pọ̀ máa ń sá lọ bá strncpy pé ó láàbò. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá kún buffer, kì í fi báìtì òdo sí ìparí rẹ̀, ẹni tó bá wá kà á lẹ́yìn náà á kà kọjá ààlà.

Ẹ ṣọ́ sizeof pẹ̀lú. Lórí array, ó ń sọ ìwọ̀n gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé array yẹn fún function mìíràn, pointer ló dà, sizeof á sì máa sọ 8 fún yín lórí kọ̀ǹpútà 64-bit. Ẹ máa gbé ìwọ̀n tẹ̀ lé pointer níbikíbi tó bá ń lọ. Ẹ ṣọ́ ìsọdipúpọ̀ náà: bí iye tó ti òde wá bá pọ̀ jù, èsì ìsọdipúpọ̀ iye náà àti ìwọ̀n lè yí po di nọ́mbà kékeré, malloc á fún yín ní ààyè tí kò tó, ẹ ó sì kọ ọ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Orúkọ Yorùbá ń ba ètò mi jẹ́, kí ló fà á?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ wa, torí àwa ló kàn jù. Ẹ wo orúkọ Adébọ́lá. Lẹ́tà 7 ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì, báìtì 7 ló gbà, pẹ̀lú òdo ìparí ó di 8, ó sì wọ inú `char oruko[10]` pẹ̀lú àlàáfíà. Ṣùgbọ́n nínú UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sílẹ̀ ní báìtì, é gba báìtì 2, á gba 2, ọ gba 3, àmì òkè tó wà lórí rẹ̀ sì gba 2 sí i. Àpapọ̀ di 13, pẹ̀lú òdo ó di 14. Ẹni tó ka lẹ́tà dípò báìtì ti kọjá ààlà báyìí, láìsí ọ̀daràn kankan níbẹ̀. Tisà ló kàn kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ bó ti yẹ.

Ẹ má sọ pé kí wọ́n yọ àmì kúrò. Orúkọ èèyàn ni. Báìtì ni kí ẹ wọ̀n, kí ẹ ya ààyè tó fẹ̀ dáadáa sọ́tọ̀, kí ẹ sì rí i pé bí ẹ bá gé orúkọ, ẹ kò gé e sáàárín lẹ́tà kan. Bí ẹ bá sì ń dán ètò yín wò, ẹ kó orúkọ wa tó gùn jù, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, sínú rẹ̀. Ẹ ó rí àléébù tí ẹni tó ń fi John àti Mary dán ètò wò kò ní rí.

Wọ́n ní compiler àti kọ̀ǹpútà ń dáàbò bò wá fúnra wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì ti gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù. Àkọ́kọ́ ni canary, tí StackGuard mú wá ní 1998: nọ́mbà kan tí ọ̀daràn kò mọ̀ ni compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) ń fi sáàárín buffer àti àdírẹ́sì ìpadà. Kí function tó padà, á wò ó bóyá nọ́mbà náà ti yí. Bó bá ti yí, ètò á kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti rí «stack smashing detected» rí lórí Linux ti bá a pàdé. Èkejì ni kí mẹ́mórì tó ń gba ọ̀rọ̀ má lè ṣiṣẹ́ bíi kóòdù. Windows XP gbà á ní 2004 pẹ̀lú Service Pack 2, lábẹ́ orúkọ DEP. Ẹ̀kẹta ni ASLR, tí iṣẹ́ PaX bẹ̀rẹ̀ lórí Linux ní 2001: ó ń yí ibi tí nǹkan wà nínú mẹ́mórì padà ní gbogbo ìgbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀daràn má baà mọ àdírẹ́sì tó máa kọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tó lóun nìkan. Canary kò dáàbò bo heap. Nígbà tí wọ́n ní kóòdù tuntun kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí stack, àwọn ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ sí í to kóòdù tó ti wà nínú ètò tẹ́lẹ̀ pọ̀, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Hovav Shacham fi hàn ní 2007 pé ó ṣeé fi ṣe ohunkóhun. Bí àdírẹ́sì kan ṣoṣo bá sì jò síta, ASLR ti rọ. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ìkọlù le, kó gba àkókò, kó sì mú kí ètò kú dípò kó fi ara rẹ̀ lé ọ̀daràn lọ́wọ́. Àléébù tó wà nínú kóòdù yín ṣì wà níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa tan àwọn ààbò yìí?

Pẹ̀lú gcc lórí Linux, ẹ lè lo èyí:

`gcc -O2 -Wall -Wextra -fstack-protector-strong -D_FORTIFY_SOURCE=2 -fPIE -pie -Wl,-z,relro,-z,now eto.c -o eto`

FORTIFY kì í ṣiṣẹ́ bí -O kò bá sí níbẹ̀, ẹ má yọ ọ́. Ẹ wo `/proc/sys/kernel/randomize_va_space` lórí sáfà yín. 2 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá bá 0, ẹnì kan ti pa ASLR.

Báwo ni mo ṣe lè rí àléébù náà kí ọ̀daràn tó rí i?

Nígbà tí ẹ bá ń dán ètò wò, ẹ fi `-fsanitize=address` kọ́ ọ. Báìtì kan ṣoṣo tó bá kọjá ààlà, á dá ètò dúró, á sì sọ ìlà kóòdù tó ti ṣẹlẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lo fuzzer bíi AFL++, tó ń da ọ̀rọ̀ rádaràda lu ètò yín tọ̀sán tòru títí tó fi máa ṣubú. Ojú èèyàn nìkan kò tó. Àkúnwọ́sílẹ̀ kan wà nínú sudo, ètò tó wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ Linux, láti 2011, kò sì hàn sí gbangba títí di oṣù Kìíní ọdún 2021. Gbogbo àsìkò yẹn, kóòdù rẹ̀ wà níta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.

Ṣé kí n fi C sílẹ̀ fún Rust?

Fún ètò tuntun tó máa gba ọ̀rọ̀ láti òde, bẹ́ẹ̀ ni, láìsí àní-àní. Rust kì í jẹ́ kí ẹ kọ kọjá ààlà, kò sì lọ́ra. Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ apá tuntun nínú Android, àléébù mẹ́mórì tó jẹ́ ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún àléébù ààbò Android ní 2019 sì wálẹ̀ sí ìdá 24 ní 2024. Ohun tó wú wa lórí níbẹ̀ ni pé wọn kò tún kóòdù àtijọ́ kọ. Kóòdù tuntun nìkan ni wọ́n yí èdè rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìlà ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà nílẹ̀ dẹ́rù bà yín.

Àǹtífáírọ́ọ̀sì àti firewall ńkọ́?

Àǹtífáírọ́ọ̀sì lè dá ohun tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ̀, kò lè tún ètò tó ní àléébù ṣe. Firewall, ìyẹn ohun tó ń dí ọ̀nà tí a kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbà wọlé, wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ: sáfà tí ẹnikẹ́ni kò lè dé pọ́ọ̀tù UDP 1434 rẹ̀ láti òde, Slammer kò lè gba òde wá bá a.

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa. Kí ló ṣe kókó jù?

Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ yín sílẹ̀, kí ẹ pa èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò. SMBv1, ẹ̀yà SMB àtijọ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ má jẹ́ kí ètò kankan máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára root tàbí Administrator bí kò bá nílò rẹ̀. Àtìlẹ́yìn Windows 7 ti parí láti oṣù Kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí ẹ̀rọ tó ń ṣe X-ray tàbí tó ń tẹ ìwé bá ní Windows àtijọ́ tí kò ṣeé yí padà, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀dà Windows tí kò ní ìwé àṣẹ, tí ẹni tó fi sí i ti pa àtúnṣe rẹ̀ kó má baà fọhùn, kò yẹ kó wà níbi tí orúkọ àti owó àwọn èèyàn bá wà.

Ṣé mo lè fi sáfà ẹlòmíràn dánra wò?

Rárá, àfi bí olóhun bá fún yín láṣẹ lórí ìwé. Nàìjíríà ní òfin Cybercrimes Act ti 2015, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Computer Misuse Act ti 1990, méjèèjì ló sì ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ tiyín, nínú virtual machine (kọ̀ǹpútà tí a dá sínú kọ̀ǹpútà) tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ètò kan lórí sáfà wa ń kú léraléra. Ṣé ìkọlù ni?

Ó lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń mọ̀ ọ́n nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà: ọ̀daràn tó ń wá àdírẹ́sì á ṣì í lọ́pọ̀ ìgbà kó tó bá a, ètò á sì máa kú ní gbogbo ìgbà tó bá ṣì í. Ẹ má kàn tún un tàn kí ẹ máa lọ. Ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má pa á, torí ohun tó wà nínú mẹ́mórì rẹ̀ máa sọnù bí iná bá lọ. Ẹ da log (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀) àti core dump (ẹ̀dà mẹ́mórì ètò tó kú) rẹ̀ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ wo ìgbà tó ń kú àti àdírẹ́sì IP tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Bó bá hàn pé ẹnì kan ti wọlé, ẹ fi tó ngCERT, ikọ̀ CERT ti Nàìjíríà, létí bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, ẹ yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó gba orí ẹ̀rọ yẹn kọjá padà, kí ẹ sì tún sáfà náà kọ́ láti orí ẹ̀dà ìpamọ́ tó ti wà ṣáájú ọjọ́ tí ìṣòro bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi gbogbo àtúnṣe sí i kí ẹ tó dá okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà sí ìdí rẹ̀.